Aṣọ Pupa Bàbá Lórí Tábìlì Àwọn Nefì

Ilé Bàbá,
Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Hezekiah, àbúrò mi,

Okun o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ̀ ogun tó gbé ọ, mo sì kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ wà lórí omi. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le. Kò sì sí ìdí tí kò fi ní le. Ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ àlejò láti èbúté dé èbúté fún oṣù méjì gbáko kì í rù. Ní tiwa, ara Bàbá kò yá. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò lè dá jókòó, dókítà sì ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé.

Àwọn fọ́tò rẹ ń tẹ̀ wá lọ́wọ́. A rí ọ níbi tí o ti ń bọ ọ̀gá nefì Bràsíìlì lọ́wọ́, a rí ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ fìlà, a sì rí gbogbo yín tí ẹ tò sí etí ọkọ̀ nínú aṣọ funfun bíi lékeléke. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ yín ni láti bá nefì ilẹ̀ òkèèrè dọ́rẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìwọ tí o kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kejì sí wa ní Kàbà ni wọ́n rán lọ bá gbogbo ayé dọ́rẹ̀ẹ́.

Fọ́tò kẹrin ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Naomi, ìyàwó Joseph àbúrò wa, ló gbé fóònù rẹ̀ lọ bá Bàbá lórí ibùsùn kí inú wọn lè dùn. Nínú fọ́tò náà, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì gígùn kan, ẹja sísun wà lórí rẹ̀, ìgò wáìnì wà lórí rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tìrẹ náà wà lórí rẹ̀. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló kú níbẹ̀?" Naomi rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó kú, pé wọ́n ń jẹun ni. Bàbá dá fóònù padà fún un, wọ́n ní ká gbé àpótí àwọn wá.

Mo ti mọ ohun tí a ó bá níbẹ̀ kí n tó ṣí i. Nígbà Kérésì, o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, o ní o fẹ́ ya aṣọ ìpò Bàbá, aṣọ pupa wọn yẹn, ní fọ́tò kí àwọn ọmọ rẹ lè rí i. Mo fún ọ, mo bá tèmi lọ sí Máàsì. Òmùgọ̀ ni èmi náà, mo jẹ́wọ́. Káńfọ̀ nìkan ló kù nínú àpótí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí o lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ ológun ní Sààríà, Hausa lo sì gbọ́ ju Owé, èdè ilé wa, lọ. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹbí ìyá Bàbá ní Bùnú ló hun aṣọ yẹn fún wọn lọ́dún tí wọ́n joyè. A kì í tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àgbà tó bá kú ni a fi ń bò. Aṣọ tí a ó fi bo bàbá rẹ nígbà tí wọ́n bá kú ni o fi tọrọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá nefì Bràsíìlì, tí ẹ sì ń da ọbẹ̀ sí. Àwọn àlejò yẹn kò mọ̀, wọn ò jẹ̀bi. Ìwọ ọmọ onílé ni mò ń bá wí.

Joseph pè ọ́. O ní wàá ra mẹ́wàá mìíràn fún Bàbá ní Èkó, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tó ń dán. O ní bí o bá gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ ọ̀gá nefì, àárín orílẹ̀-èdè méjì yóò dàrú, ìgbéga rẹ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́, mo tutọ́ sílẹ̀. Ojú tì ọ́ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì, aṣọ òkú bàbá mi ni," ṣùgbọ́n ojú kò tì ọ́ láti purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ilé bàbá rẹ. Ológun ni wọ́n ń pè ọ́! Ìbọn ńláńlá ń bẹ lórí ọkọ̀ yín, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù.

Joseph gun ọ̀kadà lọ sí Bùnú, bóyá wọ́n lè hun òmíràn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ní abúlé yẹn ti kú tán. Bàbá arúgbó kan ló gbé tirẹ̀ jáde, ó gé díẹ̀ fún un, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹni tí kò rí wa rí gé nínú aṣọ òkú ara rẹ̀ fún bàbá wa. Kò ní ká wá bá òun ya fọ́tò.

Bàbá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí aṣọ àwọn bá padà kí àwọn tó lọ, ìwọ àkọ́bí ọkùnrin ni yóò dúró níbi orí, ìwọ ni yóò da erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá padà, Joseph ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nítorí náà, lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kí ọkọ̀ yín tó kúrò ní èbúté. Àwa ni yóò fọ ọbẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tí ìtìjú ń bẹ nínú rẹ̀. Kí omi má gbé ọ lọ. Kí àwọn ọmọ tìrẹ má ṣe kó ohun ìní rẹ fún àlejò lójú ayé rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Theresa.

Àfikún: Virtue, ọmọ Joseph, ti fẹ́ fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ ni Joseph ké pè mí wọ yàrá. Bàbá ti sùn. Má wulẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, jẹ́ kí wọ́n máa jẹun lórí rẹ̀. Èyí tí ará Bùnú gé fún wa ni a fi lé wọn láyà, ibẹ̀ nìkan ló bò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó sin wọ́n. Bí o bá ráyè wá, ẹ̀yìn Joseph ni kí o dúró sí.