Jùwọ́n, Màmá Fẹ́ Rí Ojú Rẹ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Béjidé Oní-fíríìjì,
                                        Ìsọ̀kun, Iléṣà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Jùwọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Òtútù ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o gbádùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Shalom ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá, àbí ó ṣì ń wò ọ́ bọ̀ọ̀ tí o bá ní kó wá jẹun? Àwa náà wà níbí. Ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń wá omi tútù. Oní-fíríìjì jókòó, ó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo gbé e han Màmá rẹ, inú mi ń dùn. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ imú, wọ́n rí ẹni tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tó tún fi funfun bo ẹnu. Wọ́n pariwo: "Yéè! Jùwọ́n ti lọ Sẹ̀lẹ́!" Kí n tó lanu, wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ àdúrà. Àwọn ìyá CAC dé tagbáratagbára, wọ́n ní àwẹ̀ ló kù, kí ọmọ ìjọ àwọn lè padà. Èmi náà gbààwẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ síwájú mi.

Mo ní, ẹ̀yin ìyá, aṣọ iṣẹ́ ni. Mo ní kọ̀ǹpútà tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù, ohun kékeré inú ẹ̀ tó ń ṣírò ló ń jẹ́ kúbíìtì, òun ni Jùwọ́n ń ṣe. Eruku kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí i, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń pọ́n ara wọn bí ẹ̀kọ nìyẹn. Mo sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi: ẹ ó tẹ́ álúmíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, ẹ ó fi ìpele kan sáàárín tí èèpo àlùbọ́sà nípọn bí ẹní níwájú ẹ̀. Tó bá wọ inú òtútù tó ju ti yìnyín lọ fíìfíì, iná á máa sáré nínú ẹ̀, nǹkan kan ò ní dá a dúró. Mo ní tí wọ́n bá gbé fíríìjì tí wọ́n ń gbé e sí yẹn dé Iléṣà, mo lè tún un ṣe. Ìyá Àdíját, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja, bú sẹ́rìn-ín: "Béjidé, èyí tí o tún ṣe fún mi, ẹja ló ń sè!"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ ọ̀hún ò ní parí ni, tí àwọn ò fi rí ọ látìgbà ìsìnkú Bàbá? Mo ní o sọ pé ẹyọ kan ò ṣòro ṣe mọ́, kí ẹ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí gbogbo ẹ̀ jọra ni wàhálà. Tí ìpele àárín ti ọ̀kan bá fi bíńtín nípọn ju ti ìkejì lọ, ohùn wọn ò ní bára mu, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní Òṣómàáló ni ẹ́: àwọn bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ gbèsè, ìwọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà òtútù. Màmá ní, "Èmi ò lè ṣe méjì irú ẹ̀ o. Ẹyọ kan tí mo ṣe yẹn ni mo fẹ́ rí."

Jùwọ́n, ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ nìyí: tí mo bá ti gbé fóònù, Màmá á wá jókòó tì mí, wọn ò sì fẹ́ kí o gbọ́. Ojú Màmá ń lọ. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà, oògùn tí wọ́n ń kán sí i, àṣẹ́kù ló ń dì mú, kò sì mọ ìgbà tó máa dì í mú dà. Nígbà táwọn ìyá lọ tán, Màmá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Béjidé, ṣé Jùwọ́n ni lóòótọ́?" Wọ́n ní àwọn ti ń gbàgbé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣe rí. Wọ́n fọwọ́ wo tèmi, wọ́n ní tèmi ti sanra jù.

Àárò rẹ ń sọ èmi náà. Kò sẹ́ni tí mò ń bá jiyàn bọ́ọ̀lù mọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, tó sì máa jẹ́ kí n pa á tán. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wá ná, kí o tún padà.

Bá mi kí ìyàwó, kí o gbé Shalom sókè lẹ́ẹ̀kan fún mi. Ìyá Àdíját ní kí n kí ọ, ó ní kí o bá òun ra fíríìjì bọ̀.

Tí o bá ń bọ̀, má wọ Iléṣà lálẹ́ o. Àárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ dáadáa ni Màmá ṣì ń ríran díẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òjìji lásán ni gbogbo wa. Tí ilẹ̀ bá ṣú ọ sí Òṣogbo, sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi, Ìbídùn, lẹ́yìn Ọjà Ọba. Tílẹ̀ bá mọ́, kí o wá dúró síwájú Màmá níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Má tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́ títí á fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wọ̀nà,
Béjidé.