Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Pariwo

                                        Ilé Alájà Kan,
                                        Òpópónà Ilé Ìlagi.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé o ó máa ro ti ọkọ mi. Etí rẹ̀ ò tíì san. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ ìlagi tó ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe ló bà á jẹ́, àti pé ìwọ̀nba tó kù náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà mọ gbẹ́nàgbẹ́nà mi: bí kò bá sí orin, pákó kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kó orin rẹ̀ sí ló wá dá kún un. Fáànù inú rẹ̀ ń hó bí omi tó wà lórí iná, ó sì ń bo gìtá àti gbogbo ohùn jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi rò pé etí òun ló ti parí iṣẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́, òun náà dákẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín, ìdákẹ́ ọkùnrin yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Ni àbúrò mi tó ń tún rédíò ṣe bá yà kí wa, ó mú kọ̀ǹpútà kan dání tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo ní, "Èyí tó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìẹ. Kò ní fáànù rárá. Iná tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù ti tó o."

Ó kó orin sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ sípíkà tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi dá ayùn dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà.

"Gìtá nìyẹn," ó ní. "Mo ṣebí ó ti lọ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun igi ló kó sóun lójú. A ò bá a jiyàn.

Mi ò tan ara mi jẹ o. Kọ̀ǹpútà ò wo etí sàn. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó: mélòó nínú ohun tá a rò pé ó ti tán lára wa ló jẹ́ pé ariwo kan ló bò ó?

Lánàá, mo ń gbá ṣọ́ọ̀bù, orin tó fẹ́ràn jù ń lọ lọ́wọ́, ló bá nawọ́ pa á. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni.

"Rárá," ó ní. "Orin á ṣì wà níbẹ̀. Wá jókòó, kí o máa bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn tìrẹ ni mo fẹ́ gbọ́ yó."

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó, mo ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí o bá ń bọ̀, di ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ wá fún un o, kó lè gbọ́ ẹ̀rín tìrẹ náà.

                                        Èmi ni tìrẹ, lónìí àti lọ́la,
                                        Ìyàwó Gbẹ́nàgbẹ́nà.