Ẹ̀yìn Túndé Tí Kò Ṣeé Tẹ̀

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Ìlọrin níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí ewúrẹ́ yín tó jẹ fìlà mi.

Ẹ sọ fún agboolé pé ọmọ yín ti di dókítà. Bí mo bá wọ ọsibítù báyìí, gbogbo wọn ló ń dìde kí mi. Ó dáa, mo bù mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì nìkan ni, torí mo máa ń fún un lóbì.

Ọ̀rọ̀ Túndé, ọmọ mi, ló gbé mi débẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń ké pé ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní sìmẹ́ǹtì tó ń rù níbi iṣẹ́ ni. Láàárọ̀, kò dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́. Á kàn lóṣòó, ẹ̀yìn ẹ̀ á nà gbọnrangandan. Mo wá ń pè é ní Kábíyèsí. Gbogbo àwọn tá a jọ ń tún aago ṣe ní Post Office ló bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

Ara ẹ̀ ń rù, ó sì ń gbóná nírọ̀lẹ́. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní kó ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike. Kò wúkọ́, kí ló fẹ́ ha? Wọ́n ya fọ́tò àyà ẹ̀, ó mọ́. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n tún ní làkúrègbé. Oṣù ń gorí oṣù. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, àwa méjì péré la kù nínú ilé.

A gba ọsibítù mìíràn lọ. Bíró bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀, obìnrin kan. Túndé lóṣòó mú un. Obìnrin náà ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ní Kábíyèsí kì í bẹ̀rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kì í ṣe ìgbéraga. Kò lè tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ ni."

Ó fọwọ́ wá eegun ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi kan ibi tó yọ gọngọ. Fọ́tò ẹ̀yìn fi hàn pé eegun ti ń jẹrà. Ó ní kòkòrò ikọ́ ife ló wọ ibẹ̀, pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí èèyàn má wúkọ́ rárá.

Túndé ti ń gba abẹ́rẹ́, ó ń lo oògùn. Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ìyá mi, ẹni tó sọ fún yín pé Túndé ti ń rìn, èmi ni mo rán an. Ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ kí oògùn tó wọ ara ẹ̀. Kò tíì rìn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń mì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní