Ẹ̀rọ Tí Ìyá Wọn Tàn Sílẹ̀

Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, lọ́sàn-án, lórí àga gbọọrọ inú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò jí mọ́. Mo ní kí wọ́n fi èyí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí ti wá.

Èmi Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, bàbá ọmọ méjì, ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí akọ̀wé lọ́yà sì ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ sí iléèwé. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo ti fagi lé e. Mi ò ṣe ọ̀kankan rí, ṣùgbọ́n lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Lọ́yà yìí àti àkọ́bí mi obìnrin ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Lọ́yà ní kí n mẹ́nu ba kìkì ohun tí mo fẹ́ pín. Mo ní èmi ni mo fẹ́ kú, kì í ṣe òun. Ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kí akọ̀wé tẹ̀.

1. Ilé tí mò ń gbé, yàrá mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, mo fún àwọn ọmọ mi méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba. Kí wọ́n má ta á nítorí ìjà. Bó bá jẹ́ pé àjọsọ ni wọ́n fi fẹ́ tà á, kí wọ́n tà á, ilé kò ṣáà lè sunkún.

Mo sọ èyí nítorí pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àkọ́bí mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ mi kejì, ọkùnrin, Kíákíá la ń pè é láti kékeré, torí pé ó ń sáré kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti kọ́ orí kunkun.

2. Àwọn ẹ̀rọ oníbàárà tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, bí wọn ò bá tilẹ̀ tíì parí. Ẹ̀rọ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lójú fèrèsé, ti àkọ́bí mi ni.

Ẹ̀rọ yẹn ti ìyá ìyàwó mi ni. Nígbà kan, ó ń fo bó ṣe ń rán aṣọ, kì í gún gbogbo ojú abẹ́rẹ́. Atúnẹ̀rọṣe mìíràn ti yí gbogbo ìdè bóòtù ara rẹ̀ tán, ó kù díẹ̀ kó yí táyà ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e wá. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wá di ìyàwó mi, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo rán àkísà wò, ó gún dáadáa. Ó béèrè báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Mo kàn fi ohun tó rọrùn jù lọ bẹ̀rẹ̀ ni, ohun kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà mo rán àkísà wò. Bí kò bá dára, mo dá a padà sí bó ṣe wà, mo gbìyànjú òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun náà ṣe ń ṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn, iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe, pé tòun ni kì í gún èèyàn lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ló tún gbé ẹ̀rọ náà dé. Kò sí ohun tó ṣe é.

3. Àkàbà gígùn mi, mo fún àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin. Kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá gbé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà láti ìgbà tó ti yá a.

Ọ̀gbẹ́ni yìí ló dìde láàárín mọ̀lẹ́bí, tó ní ẹ̀gbọ́n òun tó kàwé ń fẹ́ ẹni tó ń di ìwé ìròyìn mú dojúdé. Kò purọ́. Mo dì í dojúdé lóòótọ́. Àwòrán ẹṣin ló wà níbẹ̀, mo sì rò pé ẹṣin náà ṣubú ni. Ìyàwó mi fi èyí ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú; bí mo bá gbé ohunkóhun lọ́wọ́, á béèrè bóyá ẹṣin ti dìde. Nítorí ẹ̀rín yẹn, mo dárí ji àbúrò rẹ̀. Àkàbà náà jẹ́ tirẹ̀.

4. Gbogbo irinṣẹ́ mi jẹ́ ti Kíákíá, àti àpótí wọn. Kó rántí pé ìdè kan ni à ń yí lẹ́ẹ̀kan.

5. Ológbò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá gbà á láyè. Orí ẹ̀rọ inú yàrá ẹ̀yìn ló máa ń sùn sí, nítorí ooru. Láti bí oṣù mélòó kan, ó ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti gbóná jù fún un. Ológbò pàápàá mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé.

6. Ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí lọ́yà lè mọ ohun tó ń fọwọ́ sí.

Ìyàwó mi ṣe ojú òpó kan sórí ayélujára. Aránṣọ níbikíbi, bó bá tẹ nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀, á sọ fún un abẹ́rẹ́ tó bá a mu, bẹ́líìtì tó bá a mu, àti ibi tó yẹ kó kán òróró sí. Ohun tí mo mọ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi sọ, òun tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe é, èmi lórí àpótí, òun nídìí kọ̀ǹpútà, tó ń ní kí n rọra, pé kò sẹ́ni tó ń lé mi.

Sáfà ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹnìkan bá béèrè nǹkan, sáfà á ránṣẹ́ pe òǹkàwé kan láti ìta, ètò inú kọ̀ǹpútà ni o, kì í ṣe èèyàn. Òǹkàwé á ka àṣẹ tí ìyàwó mi kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á dáhùn, á sì lọ. Bí ẹlòmíì bá béèrè, wọ́n á tún ránṣẹ́ pè é, á tún ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ó ń fà. Ìyàwó mi wá mú òǹkàwé náà wọlé, ó fún un níbùgbé nínú sáfà. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ka àṣẹ, nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Á há a sórí, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá sì bí láti máa dá àwọn aránṣọ lóhùn, ètò bíi tirẹ̀ ni wọ́n, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, aránṣọ ò tíì gbé ọwọ́ kúrò níbi tó ń tẹ̀, ìdáhùn ti dé. Ìyàwó mi fò mọ́ mi lọ́rùn, àga wa dà wó.

Ohun méjì ló ní kí n mọ̀ nípa òǹkàwé inú ilé yìí. Èkíní, ohun tó bá ti há sórí, kì í padà kà á. O lè yí àṣẹ inú fáìlì padà títí. Bí o kò bá pa ẹ̀rọ kó o tún un tàn, ti àtijọ́ ni yóò máa sọ. Èkejì, ohun tí o bá gbàgbé sí i lọ́wọ́, kò ní jù ú nù.

Ohun kejì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ìyẹn ni pé àyè tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìyàwó mi ń wọn ìwúwo wọn láàárọ̀, ó ń wọ̀n wọ́n nírọ̀lẹ́. Ó yí ohun kan, ó wò ó. Ó dá a padà, ó yí òmíràn. Ó rí i nígbẹ̀yìn. Gbogbo ìdáhùn tó yẹ kí òṣìṣẹ́ gbá dànù lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìgbálẹ̀ kò dé ló ń kó o sí, ó ń tò ó jọ. Ìlà kan ni. Ó tún ìlà náà kọ, ó fi pa mọ́ sínú fáìlì, ó wá jẹun. Ó ní bí àwọn aránṣọ bá lọ sinmi, tí ìbéèrè dínkù, òun á pa ẹ̀rọ náà, òun á tún un tàn. Ó ní kí òun náà kọ́kọ́ sinmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ọwọ́ ìyá wọn ló tàn án. Mo ra bátìrì ńlá sí i nítorí iná tó ń lọ, mo ń jókòó tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Mo ní ọmọ tó bá pa á kì í ṣe ọmọ mi. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lórí èyí.

Ó wá ń falẹ̀. Kíákíá wọnú fáìlì, ó yí ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, ó ń pariwo pé kí ló dé tí nǹkan kan kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní báwo ni yóò ṣe yí padà nígbà tí Bàbá ò jẹ́ ká pa á. Ó ní bó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣé a máa ń fi èèyàn sísanra kún yàrá tó ti kún ni? Wọ́n á kó ẹrù wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì fi gbogbo ọjọ́ rìn lọ rìn bọ̀ láti mú un. Kíákíá pè é ní Ọ̀gá Iléèwé. Òun náà pè é ní adìyẹ tó rí ìjì. Láti ìgbà náà, ṣe ni wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá.

Aránṣọ kan tẹ̀ mí láago láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní òun tẹ nọ́ńbà, òun lọ wẹ̀, òun dé, ìdáhùn ò tíì dé. Òun rò pé a ti kú. Mo ní ọ̀kan nínú wa ti kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àkọ́bí mi dúró níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Bàbá, ohun tí Màmá kọ kẹ́yìn, ẹ̀rọ ò tíì kà á o. Mo ní kó jáde.

7. Ohun tí mo gbé wá sí ọ́fíìsì yìí láti sọ ni pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin mí, kì í ṣe ṣáájú. Akọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ pàápàá. Mo wá ní kó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ mi ti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó dúró níbẹ̀, kó tún un kà. Ó tún un kà. Láti ọdún kan ni mo ti ń ṣọ́ ohun tí ìyàwó mi tàn. Mi ò ṣọ́ ohun tó kọ.

Mo fagi lé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú yẹn. Lọ́yà ní ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ kí ẹni tó ṣe é tó kú. Mo ní apá yìí á ṣiṣẹ́ lónìí.

Kí Kíákíá kọ́kọ́ dá ohun mẹ́rin tó yí padà sí bí ìyá rẹ̀ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ìyá yín kọ nìkan ni kí ẹ̀rọ rí kà lónìí. Kó wọn òṣìṣẹ́ kan kí ẹ tó pa á, kó tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá tàn án, kó sì ka ohun tó bá rí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí, kì í ṣe sí mi. Bó bá dára, ẹ máa dán tirẹ̀ wò, ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ máa lọ sinmi, kí ọ̀dọ́ gba ipò rẹ̀. Èyí wù mí. Èmi náà ń gbèrò rẹ̀.

Èmi á jókòó sórí àpótí mi, màá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. Bí fáànù inú rẹ̀ bá dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ títí yóò fi tún dún.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i, ìyàwó mi ló kọ́ mi: BÀBÁ ABẸ́RẸ́.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, ọdún kan àti oṣù kan lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣojú wọn: Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò mi; àti Atúnaagoṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi.

Kí akọ̀wé fi èyí sí ìsàlẹ̀: àkọ́bí mi wà lórí bẹ́ǹṣì níta, òun ló gbé mi wá. Kó wọlé. Ọmọ mi, ọ̀sán ti pọ́n, àwọn aránṣọ ti lọ sinmi. Lọ pa á, kó o tún un tàn.