Ọmọbìnrin Inú Fóònù Tó Ní Kí N Dá Jẹun

Toheeb ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ mọ́ ní Èkó níbẹ̀? Bí o bá bi wá, alihamudulilai, gbogbo wa wà ní Àrámọ̀kọ bí o ṣe fi wá sílẹ̀, àfi òrùlé ilé ìdáná tí atẹ́gùn ká lápá kan. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o ṣe àṣedànù, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ kọ ojú burúkú sí ọ, yóò sì fún ọ ní ìyàwó tó mọ ọbẹ̀ sè, láìpẹ́ yìí, kì í ṣe ìgbà tí ojú mi ò bá ríran mọ́. Àmín.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ fóònù náà gan-an ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì lè máa sọ̀rọ̀ èèyàn níṣojú rẹ̀. Mo ti fi ìborùn wé e, mo tì í mọ́nú àpótí, ọmọbìnrin tí o fi síbẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí à ń sọ báyìí. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ọmọ ìlú wa ni, fún un ní omi tútù mu kó tó padà.

Nígbà tí o wá ṣe Iléyá, tí nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, o ní o ti ṣe nǹkan kan sínú fóònù fún irú àwa yìí, àwa tí dókítà ti ní kí a má jẹ eléyìí kí a má jẹ tọ̀hún, pé yóò máa sọ ohun tí a ó jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àti pé Yorùbá ló ń sọ. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi ti gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ nítorí mi. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n Toheeb, ẹni tí o gbà yẹn kò mọ ilé wa, ó sì fẹ́ máa pàṣẹ nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bí mo ṣe wúwo tó. Èmi ò rò pé irú ìbéèrè tí ọmọdé ń bi àgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, mo ní kí wọ́n wọ̀n mí. Olúrántí tó ń wọn kòkó fún wọn ní kí n gun orí ìwọ̀n. Ó wò ó, ó yọ ti àpò, ó yọ ti ọ̀rinrin, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá gbé kòkó wá, ó ní èyí tó kù ni tèmi. Mo bá a fà á pé mo gbẹ dáadáa, kò gbà. Èyí tó kù yẹn náà ni mo sọ fún ọmọbìnrin rẹ, ó sì ní mo kú iṣẹ́, ìwọ̀n mi dára.

Ó tún bi mí pé oúnjẹ wo ni ara mi kò gbà. Mo ní a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a kì í sì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ilé Adéfúnkẹ́ wá, láti ìgbà tó ti sọ ìsọkúsọ sí bàbá rẹ láàárín èèyàn, kí Ọlọ́hun tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ní òun kò mọ oúnjẹ yẹn. Mo ní kò pọn dandan kó mọ̀ ọ́n, kó ṣáà má fi sí tèmi. Ó ní kí n máa ya fọ́tò oúnjẹ mi kí n tó jẹ ẹ́. Mo yà á. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe rí i, mo dé e ni. Ṣé ojú ẹni tí mi ò mọ ilé ìyá rẹ̀ ni kí n ti ṣí oúnjẹ sílẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo ń san ààwẹ̀ tí mo jẹ, ọ̀sán gangan ló ní kí n mu omi. Mo fi í sílẹ̀, mo ní bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Gbogbo ìyẹn ni mo fara dà. Èyí tí mi ò lè gbà ni pé ó ní kí n mú àwo tèmi lọ́tọ̀, kí n fi ẹ̀fọ́ kún ìdajì rẹ̀, kí n jẹ kìkì ohun tó bá wà nínú àwo yẹn. Ìwọ náà mọ bí èmi àti Jemilat ṣe ń jẹun. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti fẹ́ ẹ lé mi, abọ́ kan náà la jọ ń jẹ. Nígbà tí a bá jà, a óò jẹun láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a óò jẹ ẹ́ pọ̀. Bàbá rẹ kú, a ò yà á. Ní ìlú wa níbí, bí ìyáálé bá yọ ọwọ́ kúrò nínú abọ́ tí òun àti ìyàwó jọ ń jẹ, kò sí ẹni tó máa bi í bóyá ó ti yó. Ohun tó rí nínú ọbẹ̀ ni wọ́n máa bi í.

Mo gbọ́ràn sí ọmọbìnrin rẹ lẹ́nu. Mo bu tèmi sọ́tọ̀, mo gbé e wọ yàrá. Jemilat ki ọwọ́ bọ abọ́, ó tún fà á jáde. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sè, àwọn ará àdúgbò sì rí èéfín méjì ní àgbàlá wa. Wọn ò kí Jemilat bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbá àgbàlá, ó pọn omi kún àmù mi, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì gba Òkè-Ìmẹ̀sí lọ sọ́dọ̀ Mùstàfá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Mo jókòó ti ẹ̀fọ́ mi nínú ilé yẹn, mo ń jẹ ẹ́, mo ń sunkún, ọmọbìnrin rẹ sì ń sọ fún mi pé mo kú iṣẹ́, mo ti jẹun bó ṣe yẹ lónìí.

Mo wọ takisí lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Mùstàfá fún mi ní àga, kò fún mi lómi. Ó ní ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ àbúrò òun láti ọjọ́ yìí wá, tó wá ní òun ò jẹ ẹ́ mọ́, kó sọ ohun tó bá níbẹ̀ níṣojú èèyàn. Kí n tó lanu, Jemilat ti gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jáde, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó kọjú sí mi, ó ń wò mí. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì mi pé àsìkò ẹ̀wà àti kùkúḿbà mi ti tó. Mo jókòó lé báàgì náà. Mo bu òkèlè ńlá, èyí tí Mùstàfá lè rí láti ibi tó wà, mo gbé e mì, mo bu òmíràn. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá bi mí, n óò sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ṣàlàyé pé kì í ṣe Jemilat ni mo ń bẹ̀rù, pé ṣúgà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ọmọbìnrin inú fóònù ló ní kí n dá jẹun.

Mo ti fẹ́ bu ẹlẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Jemilat di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Ẹ sọ fún fóònù, ẹ ò sọ fún mi.”

Ó gbé iyán náà kúrò níwájú mi, ó bi mí ohun tí wọ́n ní kí n máa jẹ, ó wọlé lọ ro ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ sí i, abọ́ kan ṣoṣo ló gbé jáde. O mọ̀ pé Jemilat kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Ó jẹ ẹ́. A jọ padà sílé lọ́jọ́ yẹn, òun ló sì ń ṣọ́ mi báyìí, bí mo bá ti jẹ èyí tó tó, á fa abọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo wí. Ọmọbìnrin rẹ bi mí nípa ìwọ̀n mi, gíga mi, ọjọ́ ìbí tí àwọn òbí mi kò kọ sílẹ̀, àní ó bi mí bí mo ṣe sùn. Kò bi mí pé ta ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹun. Ìyẹn ni kó máa kọ́kọ́ bi èèyàn, kó sì bi í bóyá ó ti sọ fún ẹni náà. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní kò sí irú rẹ̀, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ní kó wà. Kì í ṣe kìkì àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn jẹun ní Èkó ni ara wọn kò yá. Bí kò bá sí àyè fún Jemilat nínú ohun tí o ṣe yẹn, yọ èmi náà kúrò níbẹ̀. Mi ò ní dá jẹun mọ́, ì báà ṣe ìwọ ló bẹ̀ mí, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì.

Fi owó ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ti wọ́n, ẹja ti ẹni méjì ni kí o rò mọ́ ọn, àti páànù ilé ìdáná. Má fi gba inú fóònù, yóò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi rà. Fún awakọ̀ yìí kó mú un bọ̀.

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò wo èèyàn sàn, kò ní ya èèyàn nípá. Ní ọjọ́ tí ara rẹ kò bá yá, wàá rí ẹni sọ fún, ẹni náà kò sì ní jẹ́ kí o dá jẹ ìkorò rẹ. Àmín.

Àwa ìyá rẹ,
Maimunah àti Jemilat