Ọwọ́ Mi Ti Dé Ìgboro, Orí Mi Ló Kù

Ọmọ mi àtàtà, àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́, àwọn aládùúgbò tí o ní wọn kì í kí ènìyàn ńkọ́? Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi òsì ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àga tí o máa ń jókòó lé nígbà tí o wà ní kékeré, ikán ti jẹ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi bíríkì tì í. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò bínú, wọ́n tún wá ní kí n má sọ pé àwọn ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣe bí ẹni tí kò kà á. Ọlọ́run tó gbé ẹsẹ̀ rẹ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ ọ́. Àmín.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-kì-í-sinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ gan-an ni kì í sinmi. O ní kúbùsù ńlá ni olówó kan fẹ́ fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, pé wọn á kọ́kọ́ gbé e kọ́ sára ògiri nínú gbọ̀ngàn kan kí àwọn ènìyàn wá wò ó, pé ìwọ alára á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wà á máa ṣàlàyé bí o ṣe ṣe é. O ní ègé òwú híhun onígun mẹ́rin mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni o fẹ́ rán pọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun, kí wọ́n sì dé ọwọ́ rẹ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọmọ mi, mo ti hun wọ́n tán. Ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń kúrò lára ògiri, bí mo bá ti parí ẹyọ kan, mo ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agolo. Bàbá rẹ ló ń bá mi di bọ́ọ̀lù òwú mú. Wọ́n sùn lọ lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ọ̀lù yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní èmi ni mo fà á jù. Gbogbo wọn wà nínú àpò tí lẹ́tà yìí bá wá, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì kó wọn jáde. Ka ìwé mi tán ná.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa orí mi.

Ìgbà tí o wá gbẹ̀yìn, o ní kí n jókòó sídìí fèrèsé yẹn kí n máa hun, o fẹ́ yà mí sínú fóònù. Mo ní kí o fún mi láyè díẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo bọ́ aṣọ ilé, mo wọ aláwọ̀ ewé ọlọ́nà lọ́rùn, mo kun àtíkè, mo fi yẹtí sétí, èyí tí bàbá rẹ rà fún mi láyé ìgbà tí ojú wọn ṣì ń rí mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi gan. O ní kí n má wo ọ̀dọ̀ rẹ, kí n wo ọwọ́ mi. Mo wo ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹ̀rín náà kúrò, torí ta ló ń fi ojú kíkorò ya àwòrán?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni télọ̀ wá pè mí pé kí n wá wo ara mi. Mo dé ibẹ̀, mo rí ọwọ́ mi. Mo rí àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì, mo rí òrùka mi, mo rí aṣọ aláwọ̀ ewé dé ìdajì àyà. Láti ibẹ̀ lọ sókè, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ní kí ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, bóyá orí mi sún sókè. Ó ní ibi tó mọ nìyẹn. Mo gba fóònù náà, mo yí i po, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ò sí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Fóònù kékeré, báwo ni gbogbo ara àgbàlagbà ṣe máa wọ inú rẹ̀ tán? Bàbá rẹ ní irọ́ ni, wọ́n ní fóònù kan náà ló gba odidi mọ́tò tí o yá wá sílé lọ́jọ́ yẹn, àti táyà àti búùtù. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, ó ti ya orí nìkan fún mi, ó wà nínú àpòòwé funfun. Bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Ọrùn ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n kí n má baà dà bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Télọ̀ tún ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ló ń tẹ̀lé ọ. Ọmọ mi o! Kí lo fi ṣe wọ́n? Má ṣe gba ọ̀nà tí o bá gbà lọ padà wálé, sì máa wẹ̀yìn wò. Bó bá jẹ́ pé nǹkan oní-nǹkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà kí ọ̀rọ̀ tán. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ ni, pé wọ́n tiẹ̀ fi ọkàn pupa ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwòrán ọwọ́ mi. Mo ti béèrè nílé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé ní òun ò rí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n já gbogbo rẹ̀ sí, bu díẹ̀ fún mi níbẹ̀.

Nígbà tí télọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n imú lo fi ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Lo òògùn o. O na ìka sí ihò kékeré tó wà ní igun kẹta ohun tí mò ń hun, o ní fèrèsé ni o pè é, pé ọjọ́ kan lo jókòó nínú yàrá rẹ nígboro, o ń wo fèrèsé, ni ọgbọ́n náà bá sọ sí ọ nínú.

Ọmọ mi, ìyá mi ló ni ihò yẹn. Ilẹ̀kùn ló há ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, ìka náà jinná ní wíwọ́. Bó bá ń hun, tó yí àárín ká, tó gba igun kìíní, tó gba èkejì, bó bá ti dé ẹ̀kẹta, ibẹ̀ ni ìka á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á fo ojóbó kan, á máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi tí mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń fo ojóbó ní igun kẹta, pẹ̀lú ìka tó gún régé, kí n tó bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìwọ ọmọ yìí, àìsàn mi lo kọ́, o rò pé iṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè dí i mọ́. Bí mo bá ti dé igun kẹta, mo ń kí ìyá mi ni. Kò sí ilé mìíràn tó ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Òun ló wá di fèrèsé yàrá rẹ.

Ìwọ náà kúkú rántí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìwọ̀ apẹja lé ọ lọ́wọ́. O hun ìlà méjì, o fi abẹ́rẹ́ họ ẹ̀yìn, o sá lọ.

Gbogbo ìyẹn, mo gbé e mì. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ ìbéèrè sábẹ́ àwòrán náà, ó ní ta ló ni ọwọ́ arẹwà yìí. Arẹwà ló pè é, mo ní kí télọ̀ tún un kà. Ìwọ náà sì dá a lóhùn. O kọ ọ́ pé, “Ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ni.” Télọ̀ ka èyí lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kà, kò tún un kà. Ẹnu tí kì í sinmi, ó sinmi lọ́jọ́ náà.

Mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé mo ti ríṣẹ́. Wọ́n ní lọ́dọ̀ ta ni. Mo ní lọ́dọ̀ ọmọ yín. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún un dé, wọ́n ní ṣé wọ́n ń san owó oṣù. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ náà nìyẹn. Láti ìgbà wo ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé láti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ni, àbí láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́? Ṣé òṣìṣẹ́ rẹ máa ń gba ìsinmi? Bó bá ń gbà á, mo fẹ́ lo tèmi nínú gbọ̀ngàn yẹn. Kí wọ́n fún mi ní àga kan lẹ́yìn pátápátá, mi ò ní sọ̀rọ̀.

Lánàá mo lọ gba fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, kí n tó rán ẹnu àpò pa. Akọ̀wé ní ta ló ń fi ránṣẹ́. Mo ti fẹ́ sọ pé ìyá rẹ̀, mo wá rántí, mo ní kó kọ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní èló ni ẹrù náà tó. Mo ní ojú mi ọ̀tún ni, torí òun ló ń ríran dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù àwọn ò gba ojú. Ó kọ òdo síbẹ̀. Bí o bá rí òdo yẹn, má bá wọn jà, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àpò. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló pé. Ihò wà ní igun kẹta ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò yọ ìyá mi kúrò. Ṣùgbọ́n mi ò ta kókó ìkẹyìn lára ẹyọ kan. Ojóbó tó kẹ́yìn ṣí sílẹ̀ lára gbogbo wọn, mo wá ṣẹ́ ìgbálẹ̀ wẹ́wẹ́, mo fi há a lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà tú lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má tíì kó wọn jáde. Bí ìgbálẹ̀ kan bá yọ, tí ẹnì kan sì fa òwú náà pẹ́rẹ́, á máa tú lọ bí ẹni tó rántí ilé, kò ní dúró títí á fi padà di òwú lásán. Kókó yẹn ò le, kò gbà ju kéèyàn sín lọ. Òun gan-an ni mo fẹ́ fi hàn ọ́ lọ́jọ́ tí o sá lọ. Kò sí nínú àwòrán tí o yà, mo ní kí télọ̀ wò ó dé òpin. Ibi tí ọwọ́ mi ti fẹ́ ta á ni o ti gé e, tí èékánná pupa rẹ wá yọ, tí o ń fọwọ́ pa iṣẹ́ náà lórí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ yòókù bá ọ ta á. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, mo nílò owó òwú, mo nílò owó awò ojú, mo sì nílò owó ọkọ̀. Bí owó ò bá kárí, jẹ́ kí òwú àti awò dúró, fi ti ọkọ̀ ránṣẹ́. Mà á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, mà á jókòó sídìí ògiri yẹn, mà á ta kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta lójú gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún béèrè pé ta ló ni ọwọ́ yìí, ìwọ ni kí o dá a lóhùn. Mà á wo ẹnu rẹ.

Àwọn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tó ń tẹ̀lé ọ kò ní lé ọ bá. Ohun tí o bá fẹnu sọ pé o ṣe, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Àmín.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ,
èyí tó bí ọ.