Ọjọ́ Tí Mo Di Ìdì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Lẹ́yìn Mutyaba

Lukwago ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Kampala? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú adágún mọ́. Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí, háà, ẹnu mi ò tíì padé.

O mọ̀ pé alùpùpù nìkan ló ń gun òkè àwọn àna rẹ, bí mi ò bá sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, wọ́n á ní o ò ní bàbá, wọ́n á dá ẹrù wa padà. Ni mo bá ní kí Mutyaba ọlọ́kadà gbé mi lọ wo ọ̀nà. A dé kọ́nà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tẹ̀ sósì bí ẹni fẹ́ ṣubú. Èmi tí mo fi ọkọ̀ ẹja kọ́lé onípáànù, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sósì lójú omi, ọ̀tún lèèyàn ń tẹ̀ sí. Mo ju gbogbo ara mi sọ́tùn-ún kí n gbà wá là. Lukwago, alùpùpù kọ̀, kò yà! Tààrà ló wọ inú oko kọfí, tàwa tẹ̀rọ nílẹ̀, kanzu, ẹ̀wù funfun gígùn mi, ya dé ìdí.

Mutyaba tu ewé lẹ́nu, ó ní ta ló ní kí n bá òun wà á? Ó ní ìdí mi ló wa ọkọ̀ wọgbó, pé bí ẹ̀rọ bá tẹ̀, kí n bá a tẹ̀. Ó tún ní bí òun bá ń sáré tóun fẹ́ yà sósì, òun á kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì ti irin ìdarí síwájú díẹ̀, bí ẹni ń lọ sọ́tùn-ún. Ẹ gbà mí o! Kéèyàn kọrí sọ́tùn-ún kó tó lè lọ sósì?

Látìgbà náà, kò sọ́lọ́kadà tó fẹ́ gbé mi. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ní Ssalongo bàbá ìbejì, adágún wà lọ́hùn-ún o.

Ṣùgbọ́n mi ò gọ̀. Mo rí i pé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tóbi jù mí lọ ń gun òkè náà lẹ́yìn ọ̀kadà lójoojúmọ́. Mo bi Mutyaba kí ló dé tíyẹn ò ṣubú, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jiyàn. Mo ní ó yá, kó fi rọ́bà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì mí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó dì mí. Mo dijú, ó tẹ̀, mo tẹ̀, a sì gòkè! Bàbá ìyàwó rẹ jáde, ó ní ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdána nìyí. Mo ní òun náà ni, kí wọ́n tú mi.

Nítorí náà, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ìdána. Fi owó kanzu tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o. Àpò òsì ni fóònù wà, bí owó bá wọlé rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ wá sósì ní kọ́nà.

Ọlọ́run á bá ọ tẹ̀ níbi gbogbo tí ayé bá ti yà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ssalongo Kyeyune